Ṣé Ọwọ́ Ọmọ Náà Ni, Àbí Píánò?

Ní alẹ́ àṣà ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọmọbìnrin kan láàárín wa tẹ *Scenes from Traditional Life* tí olóògbé Akin Euba kọ. Kò tíì dìde tán tí àwọn àgbà kan fi ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo, pé ariwo lásán ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń pa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníṣirò owó ni mí, n kì í ṣe olórin, ṣùgbọ́n bí owó bá dín nínú ìwé, a kì í kọ́kọ́ mú akọ̀wé; ìwé la máa ń yẹ̀ wò ná. Ẹ jẹ́ kí a yẹ píánò wò.

Ẹ ṣí ìdérí píánò ńlá. Wáyà tó lé ní igba ló wà níbẹ̀, tí agbára tí wọ́n fi ń fa férémù irin wọn tó nǹkan bí ogún tọ́ọ̀nù. Wáyà nìkan kò lè dún dé ibì kan. Pátákó igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ wọn ni ó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń di ńlá, bí igbá ti ń ṣe fún gòjé.

Tẹ́lẹ̀, ṣe ni àwọn wáyà náà máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè. Ní 1859, Henry Steinway kékeré ní New York gba ìwé àṣẹ láti dábùú wáyà ohùn ìsàlẹ̀ lórí àwọn yòókù nínú píánò ńlá. Wáyà wọ̀nyí wá gùn sí i nínú àpótí kan náà, igi tí wọ́n gùn lé sì bọ́ sí ìhà àárín pátákó, níbi tí ó ti ń gbọ̀n dáadáa. Ohùn kún, ó ki, ó sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Èrè ńlá ni.

Gbèsè rẹ̀ ni pé ohùn ìsàlẹ̀ wọnú ara wọn bí ọbẹ̀ àsèpọ̀. Ní 2015, Daniel Barenboim gbé píánò kan jáde ní London tí Chris Maene ará Bẹ́ljíọ̀mù kàn fún un, tí wáyà rẹ̀ kò dábùú ara wọn. Mo gbọ́ ọ lórí àwo tó ṣe ní 2016. Nínú *Funérailles* ti Liszt, ìró ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó mọ́ gaara. Lóòótọ́, ohùn òkè rẹ̀ gbẹ díẹ̀ létí mi.

Ohun tí orin Euba ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ kí píánò ṣe bí ìlù wa. Nínú dùndún, ìyáàlù ń fọhùn, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ń ṣe tiwọn, a sì ń gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ yìí tẹ ìlù mẹ́ta. Àpótí náà pò wọ́n mọ́ra kí wọ́n tó dé etí wa.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un tẹ̀ fún wa, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ kan pẹ́dà. Ó ní òun yóò gbìyànjú, bí àwọn tó bú òun yóò bá jókòó síwájú.