Irun Àgùntàn Tó Ń Fún Píánò Ní Ohùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ mọ̀ bóyá píánò kan dára a máa wo bí pátákó rẹ̀ ṣe ń dán, wọn a sì ka orúkọ tí a kọ sí iwájú rẹ̀. Wọn kì í ṣí inú rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ inú lọ́hùn-ún ni ohùn rẹ̀ ti ń wá, láti ara ohun kékeré kan tí a fi irun àgùntàn bò.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Píánò ní eyín 88, funfun àti dúdú, tí a ń fi ìka tẹ̀. Bí a bá tẹ ọ̀kan, òòlù igi kékeré kan a dìde, a lu okùn irin, a sì padà sẹ́yìn kíá kí okùn náà lè máa dún. Orí òòlù yìí ni irun náà wà. A kò hun ún bí aṣọ. A fi omi rin ín, a sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi nípọn. N ó máa pè é ní irun títẹ̀.

Àwọn tó ń lu ìlù yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Ìlù kan náà, bí a bá fi igi lù ú, tàbí ọwọ́, tàbí bílálà awọ, kò ní dún bákan náà. Nínú ohùn kan ṣoṣo tí okùn píánò ń dún, ọ̀pọ̀ ohùn kéékèèké ló wà níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Òòlù líle a kan okùn fìrí, a sì jí àwọn ohùn òkè tó mú. Òòlù rírọ̀ a pẹ́ díẹ̀ lára okùn, a sì pa àwọn ohùn òkè náà. Irun títẹ̀ tó dára ń ṣe méjèèjì. Bí a bá tẹ eyín jẹ́jẹ́, ara òde irun tó rọ̀ ló ń kan okùn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, irun náà a fún pọ̀, a sì le.

Bartolomeo Cristofori, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ ṣe píánò ní ìlú Florence, ní nǹkan bí ọdún 1700. Awọ ló fi bo orí òòlù tirẹ̀. Orúkọ tí a fún un ní èdè wọn sọ̀rọ̀ nípa jẹ́jẹ́ àti kíkan, nítorí agbára méjèèjì yìí ni ìyanu rẹ̀. Ní ọdún 1826, Jean-Henri Pape gba ìwé àṣẹ ní Paris láti fi irun títẹ̀ rọ́pò awọ. Okùn irin ń nípọn sí i nígbà náà, gbọ̀ngàn sì ń tóbi sí i.

Ilé-iṣẹ́ Steinway bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1853. Ní 1880, wọ́n ṣí òmíràn ní Hamburg, ní Jámánì. Orúkọ kan, ohùn méjì. Ní New York, irun tí wọ́n ń lò rọ̀ díẹ̀, wọn a wá fi ọ̀dà olómi kan tó ń gan rin ín kí ó lè le. Ní Hamburg, líle ni wọ́n ti tẹ irun náà láti ilẹ̀, oníṣẹ́ a wá fi abẹ́rẹ́ gún un títí yóò fi rọ̀ dé ibi tó fẹ́. Àwọn olórin ń jiyàn lórí èyí tó dùn jù. Lójú tèmi, ti abẹ́rẹ́ ló dára jù, nítorí ọ̀dà tó bá ti wọnú irun ṣòro láti yọ. Èyí kò ní kí ti New York má dára o. Oníṣẹ́ tó mọwọ́ ń fi ọ̀dà yẹn mú ohùn tó kún jáde.

Òòlù tí n kò fẹ́ ni èyí tí a mú le kọjá ààlà, kí ohùn rẹ̀ lè gba etí ẹni tó wá rajà. Ó dùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń fi irin lu irin ni. Jẹ́jẹ́ ti lọ, kíkan nìkan ló kù, píánò náà sì ti sọ ìdajì orúkọ rẹ̀ nù. Frédéric Chopin, tó gbé ní Paris láti 1831, fẹ́ràn píánò Pleyel nítorí ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré ló sì wù ú láti máa ta á, kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá. Síbẹ̀, rírọ̀ jù náà burú: ohùn a dà bíi ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Ọjọ́ orí náà ń ba irun jẹ́. Okùn a gbẹ́ ojú ọ̀nà sí i lára, ohùn a sì máa le sí i. Kòkòrò a jẹ ẹ́. Ní etí òkun tí afẹ́fẹ́ ti tutù, ó ń fa omi, ohùn a sì wúwo. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ògbólógbòó píánò fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn, kí ó ṣí ìdérí rẹ̀, kí ó wo orí òòlù, kí ó sì ní kí a ta á jẹ́jẹ́ fún òun gbọ́. Bí ojú ọ̀nà okùn bá ti hàn lára irun, oníṣẹ́ lè fi pépà oníyanrìn ha á. Bí irun bá ti jẹ tán dé igi, àfi kí wọ́n pààrọ̀ òòlù.