Ilẹ̀ Tí Kossola Rà

Nínú àwọn ìwé tí mo ti kà láti ìgbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, kò sí èyí tí ó mú mi ronú lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó Barracoon, ìwé kékeré tí Zora Neale Hurston kọ parí ní 1931, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 2018, nígbà tí òǹkọ̀wé náà ti kú láti ọdún 58. Bàbá arúgbó kan ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kossola ni orúkọ rẹ̀. Cudjo Lewis ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn ọmọ-ogun Dahomey ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti àwọn ènìyàn bí 110 lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1860, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ láti 1808. Ìwádìí Sylviane Diouf fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Banté, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Benin lónìí.

Ogun àti ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí ìwé yìí ń tẹnu mọ́, pàápàá láti ìgbà tí a ti kéde ní 2019 pé a ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú odò. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọkàn ìwé náà wà ní ibi tí àwọn ẹrú tí a ti dá sílẹ̀ ti ń wá owó ilẹ̀.

Ní 1865 tí wọ́n gba òmìnira, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ padà sí. Wọ́n ṣírò owó ọkọ̀, wọ́n rí i pé apá àwọn kò lè ká a. Ni wọ́n bá yan Kossola kí ó bá Timothy Meaher sọ̀rọ̀, ọlọ́rọ̀ tí ó ṣe ètò kíkó wọn wá. Ní ọjọ́ kan, Kossola ń gé igi lọ́wọ́. Meaher dé, ó sì jókòó lórí igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó. Kossola dá àáké dúró, ó ní: ẹ kó wa kúrò ní ilẹ̀ wa, a sì ti sìn yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìbínú kọ̀. Nígbà náà ni wọ́n gbà láti rà á. Àwọn ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń kiri rẹ̀; wọ́n fi oúnjẹ tí kò gówó lórí pa ebi, wọ́n ń tọ́jú owó. Meaher kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù fún wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni ó wú mi lórí jù. Wọ́n fi Gumpa jẹ olórí, wọ́n sì yan onídàájọ́ méjì. Ará Dahomey ni Gumpa, ọmọ ìlú tí ó pa ìlú Kossola run! Àwọn tí ó ra ilẹ̀ pọ̀ kò ka èyí sí i lọ́rùn. Ọmọ ọlọ́lá ni, ẹrú ni a sì kó òun náà. Ìlú ni wọ́n ń tẹ̀dó, kì í ṣe ilé lásán.

Gánmọ ni mo wà nígbà tí mo ń ka ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo mọ̀ bí Ìlọrin ti ń fẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Oko tí a ti ń wa iṣu nígbà èwe ti di ilé alábúlọ́ọ̀kù. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, àwọn àgbà ilé wa ń ṣe ìpàdé lórí ilẹ̀ kan tí àlejò kan fẹ́ rà. Àbúrò bàbá mi, tí kò mọ̀wé, bi mí léèrè ohun tí mo tẹjú mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo túmọ̀ ibi tí a ti ra ilẹ̀ náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Wọ́n ṣeun. Orúkọ ta ni wọ́n wá kọ sínú ìwé ilẹ̀ náà?”

“Bàbá,” ni mo wí, “ìwé náà kò sọ.”

Àléébù tí mo rí nínú iṣẹ́ Hurston nìyí, àgbẹ̀ kan ní Gánmọ ni ó sì fi hàn mí. Ọ̀gá ni Hurston nínú ká gbọ́ tẹnu àgbà. Ó mú èso àti bàrà lọ fún bàbá náà. Ní ọjọ́ tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò fi agbára mú un. Kò sì gbà kí àwọn atẹ̀wétà yí èdè ẹnu rẹ̀ padà, èyí sì wà lára ohun tí ó dá ìwé náà dúró. Ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀, ó yára kọjá. Ẹni tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ti òkú, ti ààyè àti ti àwọn tí a kò tíì bí, báwo ni ó ti rí lára rẹ̀ láti fi owó gba ilẹ̀, kí ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ nìkan nínú ìwé? Hurston kò bi í. Diouf, tí ó yẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wò fún ìwé tirẹ̀ tí ó jáde ní 2007, ni ó ràn wá lọ́wọ́: àwọn kan da owó pọ̀ ra ibi tí a ń pè ní Lewis Quarters, Kossola ra éékà méjì tirẹ̀ ní 1872, ní 100 dọ́là. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbìdánwò, ti àjọni àti ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́fà ni Kossola bí, gbogbo wọn ni ó sì kú ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Hurston dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 1927, àwọn ọmọ tí ó ra ilẹ̀ dè ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa àwọn ọmọ náà, nítorí pé àwa tí a gbọ́ Yorùbá ni ó kàn. Olúkúlùkù wọn ní orúkọ méjì, ti Amẹ́ríkà àti ti ilé. Aleck ni àkọ́bí; orúkọ ilé rẹ̀ ni Hurston fi etí òyìnbó kọ bí Yah-jimmy. Ẹ pè é jáde lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ Ìyàjẹmí. Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ohun tí owó ilẹ̀ náà ná wọn, ju iye dọ́là lọ.

Ìlú wọn, Africatown, ṣì wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìwé àti ọ̀nà ńlá ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2021, ìlú Mobile tún fi 50,000 dọ́là ra ilé kan lọ́wọ́ ìdílé Meaher, kí ó lè wúlò fún àwọn ará Africatown. Ó ti ju ọdún 140 lọ tí Kossola ti ra tirẹ̀, àwọn ọmọ olówó kan náà ni a ṣì ń san owó fún.

Ó yẹ kí ìwé yìí wà ní èdè wa, kí àwọn olùkọ́ lè kà á fún ọmọ ilé-ìwé gíga. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ra ilẹ̀. Ojú-ewé mẹ́ta ni mo ti túmọ̀, mo sì ti ka méjì nínú rẹ̀ sí etí àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní kí n tún ibi tí Meaher ti jókòó lórí igi kà.