Ṣé Madam Yẹ Ní Olùkọ́ Fún Onílé Tuntun?

Ta ni kò rántí eré Basi and Company? Láti 1986 di 1990 ni NTA fi ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ló ń rẹ́rìn-ín sí Basi, ayálégbé àdúgbò Adetola l'Ékòó, tó ń lálàá mílíọ̀nù tí kò sì rí owó ilé san. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Madam náà, ìyá tó ni ilé, tí ń dọdẹ Basi kiri. Ken Saro-Wiwa ló kọ ọ́. Eré náà dùn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ló ń ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Madam ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Ó yẹ ká yẹ ẹ̀kọ́ náà wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ká yìn. Saro-Wiwa kò sọ Madam di ìkà, kò sì sọ Basi di ẹni mímọ́. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: ìfẹ́ owó òjijì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Basi kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ẹnu ló ní, síbẹ̀ ó wà nínú yàrá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Ẹ má gba ayálégbé nítorí ẹnu dídùn. Ẹ béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ibi tí eré náà kù sí nìyí: owó ilé nìkan ló fi sáàárín onílé àti ayálégbé. Ó dà bíi pé gbogbo kọ́bọ̀ tó bá wọlé, èrè ni. Irọ́ ńlá! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá mẹ́rin lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦100,000 wá lọ́dún. ₦400,000 nìyẹn lórí ìwé. Bí yàrá kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ₦50,000 ti lọ. Páànù jò, ṣáláńgá kún, púlọ́ńbà dé: ẹ yọ ₦80,000. Owó ìjọba, ₦20,000. Ó ku ₦250,000. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún lẹ fi kọ́lé, ogún ọdún ni owó yín yóò fi padà, kì í ṣe ọdún méjìlá àbọ̀ tí ẹ rò. Ẹni tó bá sì yáwó kọ́lé ńkọ́?

Ìkejì, ní àdúgbò Adetola, ariwo ẹnu Madam ló ń ṣe iṣẹ́ kóòtù. Ayé gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ayálégbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé kúrò-nílé fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún, oṣù kan fún olóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, kó tó kan kóòtù. Lánlọ́ọ̀dù tó bá ṣí páànù lé ayálégbé lórí, tàbí tó fipá lé e jáde, lè san ìtanràn tó ₦250,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù mẹ́fà. Òfin náà ní kí onílé máa kọ risíìtì, kó má sì gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ o.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi rèé. Nínú ká pani lẹ́rìn-ín, Madam gbégbá orókè. Nínú ká kọ́ni níṣẹ́ onílé, ìdajì ló mọ̀: ó mọ bí a ṣe ń béèrè owó, kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú ilé. Ẹ wo eré rẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ wá lọ́yà, ẹ wá káfíńtà, kẹ́ ẹ sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ilé fún ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀.