Ọ̀rá Aláwọ̀ Lójú Iná Fọ́tò

Jẹ́ẹ̀lì ni àwọn ayàwòrán ń pe ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ tí wọ́n ń fi bo ojú iná nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò ènìyàn. Jẹ́látìn ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike tí ó lè fara da ooru ni wọ́n ń lò báyìí. Ọ̀rá yìí kì í bu àwọ̀ kún iná, ńṣe ni ó ń bù kúrò nínú rẹ̀: gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ni ó wà nínú iná funfun, ọ̀rá pupa a sì jẹ́ kí pupa kọjá, a gbé ìyókù mì.

Inú òjìji ni àwọ̀ yìí ń gbé. Bí iná funfun bá ta sí ibi tí ó bà lé, kíá ni yóò ṣá, nítorí náà ni ọ̀jáfáfá ṣe ń fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin ká iná funfun náà lọ́wọ́ kò, kí ó má baà tàn kọjá ojú ẹni tí wọ́n ń yà.

Ara ènìyàn dúdú ni ẹwà iṣẹ́ yìí ti ń yọ jù lọ, èyí kì í sì í ṣe àsọdùn, nítorí pé dídán ara a máa dá àwọ̀ iná padà bí ó ṣe wá gan-an, awọ dúdú kì í sì í fi ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé iná aláwọ̀ aró sẹ́yìn èjìká òsì obìnrin tí ó fi òrí para, àwọ̀ náà yóò fa ìlà kan láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, dé àgbọ̀n. Bí ó bá sì kọ pélé, ẹ̀gbẹ́ kan ilà náà yóò gba aró, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò ṣókùnkùn, tí ènìyàn yóò fi lè kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Aṣọ pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti wí. Ẹtù, aṣọ òkè tí wọ́n fi òwú aláró hun, a fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú kirikiri lábẹ́ iná pupa, nítorí kò sí pupa púpọ̀ nínú aró tí yóò dá iná náà padà, fọ́nrán funfun inú rẹ̀ nìkan ni yóò pọ́n.

Èyí tí ó níyì jù nínú àwọn ọ̀rá wọ̀nyí ni aláwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́. Kelvin ni ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bí ó bá sì ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ́n tó. Fílàṣì, iná tí ń kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, wà ní nǹkan bí 5500, gílóòbù onífílámẹ́ǹtì kò tó 3000. Ọ̀rá ọsàn ni ó ń mú fílàṣì sọ̀ kalẹ̀ wá bá gílóòbù, tí ìyá àgbà tí wọ́n yà nínú pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ fi ń bá àwọ̀ iná ilé rẹ̀ nínú fọ́tò, tí ẹni tí ó ń wò ó kò sì ní mọ̀ pé fílàṣì kankan kọ mànà níbẹ̀.