Ọ̀nà Tí Ọ̀rọ̀ Ń Gbà

Iṣẹ́ àwọn tó ń wo bí ìjíròrò ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu máa ń wú mi lórí. Ìwé àti bírò tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: róbótó kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọfà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fèsì sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dá lóhùn. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Jacob Moreno, tẹ àwòrán tó jọ èyí jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1934.

Ẹ gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ọdún Ojúde Ọba ṣe ń sún mọ́lé, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ obìnrin kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bá ń jiyàn lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀, ohùn àwọn tó ń pariwo nìkan ni etí wa máa ń gbà. Àwòrán náà á fi ẹlòmíràn hàn wá: obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, síbẹ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ni àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wá láti Èkó jọ ń dá lóhùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìjíròrò pín sí méjì nìyẹn!

Ẹni tó mọṣẹ́ náà dunjú kì í ka ọfà lásán. Á padà ka ohun tí wọ́n sọ gan-an, torí ọfà kan lè jẹ́ ìyìn, ó lè jẹ́ àtakò, ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ àtọjọ́ pípẹ́ sì lè jọ ìjà létí àlejò. Kí àṣírí ẹnikẹ́ni má sì bàa tú, nọ́ńbà ló sábà máa ń kọ sínú róbótó, kì í ṣe orúkọ.