Ọgbọ́n Tó So Òkun Pọ̀ Mọ́ Òfuurufú

Iṣẹ́ tó yẹ ká kan sáárá sí ni ESMF, ètò kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn ètò tó ń ṣàfarawé òkun àti òfuurufú pọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú ní NCAR, ilé ìwádìí òfuurufú ní ìlú Boulder, ní Amẹ́ríkà.

Onímọ̀ òkun á kọ ètò àfarawé tirẹ̀; onímọ̀ òfuurufú á kọ tirẹ̀. Bí ètò méjèèjì ṣe pín ayé sí ojú àpótí kéékèèké kì í sábà dọ́gba. ESMF ló ń gba iye ooru àti omi lọ́wọ́ ọ̀kan, tó ń tún un pín fún èkejì. Ó sì ní ọ̀nà ìpín tí kì í jẹ́ kí àròpọ̀ ooru àti omi náà dín tàbí kó pọ̀ sí i.

Ìpele mẹ́ta ló là sílẹ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan: ìbẹ̀rẹ̀, ìṣiṣẹ́, ìparí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè yọ ètò òkun kan, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, láìtú ìyókù palẹ̀.

NASA àti NOAA, àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ń lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé.