Ẹ Fi Ìjà Sílẹ̀, Ẹ Gbọ́ Bàtá
Ní Ìkòtún wa níhìn-ín, bí a bá ti dárúkọ Kollington àti olóògbé Barrister, ìjà wọn nìkan làwọn èèyàn máa ń rí sọ. Ó sú mi o! Ṣé èébú là ń jó sí ni? Ní 1978 ni Kollington kó bàtá wọ inú fújì. Ẹ wò ó: orin tó ti inú wéré ààwẹ̀ jáde, ìlù Ṣàngó ni wọ́n lù sí i! Bàtá le, ó ń ta ni létí ju gángan lọ. Ohùn Barrister dùn ju tirẹ̀ lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàtá yẹn ni kì í jẹ́ kí n jókòó. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá tí ẹ ń fi kíbọ́ọ̀dù bo ìlù mọ́lẹ̀ lóde àríyá, ẹ wá àwo ìgbà náà gbọ́.